Òmùgọ̀ Ẹ́pìnnì

Ní Grimsby, létí òkun tó tutù bí irin,
ilé kejì sí tiwa ni Noreen ń gbé,
òun àti Wilf, tó fi ogójì ọdún já ẹja ní èbúté.
Orúkọ ló kọ́kọ́ sá fún un.
Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o;
bí ìgbà tí aṣọ bá ń ṣá ni.
Oníwàrà di "ẹni yẹn tó máa ń súfèé".
Ọmọ rẹ̀ obìnrin di "kí-ló-tún-ń-jẹ́-ná".
Àlùfáà, dókítà, ọmọ tó ń pín ìwé ìròyìn,
gbogbo wọn di Lágbájá,
di Tàmẹ̀dò, di Làkásègbè.
Èmi pàápàá, tí mo ti ń bá a ra búrẹ́dì láti ọdún mẹ́sàn-án,
mo di Ìyáàfin Nǹkan.
Mo dáhùn. Kí ni ǹ bá ṣe?

Èébú nìkan ni kò sá.
Èébú tibẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń fa ẹjọ́;
kò kan ìyá ẹni, kò kan baba ẹni,
ó rọ̀ bí òwú tí a jù luni.
Wọ́n á pe ènìyàn ní sọ́séèjì, wọ́n á pè é ní orí kábéèjì,
ẹni tí wọ́n pè á rẹ́rìn-ín, á tún bu ṣúgà sí tíì.
Ti Noreen fún Wilf kò yí padà láti ọjọ́ ìgbéyàwó:
"Òmùgọ̀ ẹ́pìnnì."
Agọ̀ tí a lè fi kọ́bọ̀ kan rà, kí ṣénjì tún kù.
Ó sọ ọ́ nígbà tí Wilf kun ilẹ̀ yàrá,
tó kun ara rẹ̀ há sí igun.
Ó sọ ọ́ nígbà tó ra bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì.
Ó sọ ọ́ lójú oorun.

Ní oṣù kejì, ó wo ọkọ rẹ̀ níwájú tábìlì,
ó bi mí jẹ́jẹ́: "Ta ni bàbá yìí? Ṣé ó ti jẹun?"
Wilf kò fèsì. Ó ń ka èérún búrẹ́dì.
Nọ́ọ̀sì dé tòun ti bébà:
"Orúkọ ọkọ yín ńkọ́, mà?"
Ó wá a. A rí i tó ń wá a,
bí ẹni tó tọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù tí kì í ṣe tirẹ̀.
"Lágbájá ni," ló wí.
Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Ni Wilf bá dìde kó gbé kẹ́tùlù,
ìgúnpá rẹ̀ gbá jọ́ọ̀gì wàrà,
wàrà ya bo bébà, ó kán sí ìbọ̀sẹ̀ nọ́ọ̀sì.
"Òmùgọ̀ ẹ́pìnnì!"
Ó já geere lẹ́nu Noreen,
ohùn omidan ọmọ ogún ọdún.

Wilf di etí tábìlì mú.
"Èmi nìyẹn," ó sọ fún nọ́ọ̀sì,
"ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo bébà tó ti rin gbindin,
ó ní ilà tí wọ́n fà síbẹ̀ kò gùn tó.