Omi Tó Gba Àárín Òòfà Kọjá

Ní Ekibastuz, yìnyín kì í funfun ju ọjọ́ kan lọ.
Tó bá di ọjọ́ kejì, iléeṣẹ́ iná ti bu eérú wọ́n ọn,
a ó sì máa rìn bí ẹni ń tẹ aṣọ àlà
tí wọ́n fi nu ìdí ìkòkò.

Kulyash Ormanova mọ eérú yìí láti kékeré.
Ó mọ bó ṣe ń bà lé aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá sẹ́yìn ilé.
Ó mọ bó ṣe wọ àyà Toktar ọkọ rẹ̀, tí kò jáde mọ́.
Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.
Ta ló da eléyìí?
Gbogbo ìlú ló tan iná;
Toktar, tó kàn ń wa ọkọ̀ létí adágún eérú, ló tọ̀.

Nínú òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá, ó bu mẹ́ta kúrò,
ó fi eérú dípò.
Ó so ọ̀pá ike mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi,
ó fi òòfà mẹ́rin há a lọ́rùn,
omi ń gba àárín wọn lọ, ó ń gba àárín wọn bọ̀,
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé owó sílé.

Ọ̀gá Baizakov yọjú, ó tọ́ omi wò.
"Omi náà ni. Kò dùn, kò korò.
Kí lo bá a sọ?"
"N ò bá a sọ nǹkan kan.
Mo ní kó tú ara rẹ̀ ká díẹ̀,
kó lè wọ kọ̀rọ̀ tí kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀."
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó jáde. Òtútù tó bá a wọlé kò bá a lọ.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n gbé kúbù kan sí abẹ́ ẹ̀rọ.
Ó fọ́ bí yìnyín etí odò.
Yerden, ọmọ iṣẹ́, ní ká kó ìyókù dà nù.
"Fi í sílẹ̀," ni Kulyash wí.
"Sìmẹ́ǹtì ni ọmọ tó ń tètè rìn.
Eérú á jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.
Ọjọ́ tó bá dìde, ẹ ó mọ̀."

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gbéra.
Ó kọjá ibi tí kúbù omi lásán kú sí lánàá,
ó kọjá ibi tí ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí,
ẹ̀rọ ń kérora, kúbù ò wí nǹkan kan,
àfi gbì!
Pẹ́ńsù já bọ́ lọ́wọ́ Yerden.
Ìkejì rí bẹ́ẹ̀.
Ìkẹta kò tó wọn.
Kulyash kọ ti ìkẹta náà sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí,
kò wá àwáwí kankan fún un.

Iná kú, ó fi eérú bojú, ni wọ́n máa ń wí,
bí ẹni pé ìbòjú lásán leérú.
Kò jó, kò yọ̀. Ó fi omi tó ṣẹ́ kù ṣan ọwọ́,
ó wo ọwọ́ náà pẹ́.
Ó ju àfọ́kù kan, tó tó ẹyin adìẹ, sápò ẹ̀wù òtútù.

Lálẹ́, ó gbé e lé Toktar lọ́wọ́.
Toktar wúkọ́, ó fi èékánná họ ọ́,
ó gbé e sétí iná, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i:
kò sí ohun tó dìde níbẹ̀.
"Òun náà rèé?" ló bi í.
"Kò mà fò mọ́."