Ìwọ̀n Máfòyà

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún Lísàbí
ni Jímọ̀ yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, l'Ítòkú.
Ó ká fìlà mọ́wọ́, kò jókòó.
"Màmá télọ̀, ẹ mú téèpù yín dání.
Ẹni tí ẹ ó wọ̀n kò lè gun àtẹ̀gùn yìí."

A gba Ìjẹmọ̀ kọjá, a yà sẹ́yìn ilé Ṣówándé,
níbi tí àpáta kan ti fẹ̀yìn ti ọgbà
bí àgbà tó ti jẹun yó.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Máfòyà dúró sí,
pupa rúsúrúsú, funfun níwájú orí,
ó fi orí pátákò ẹ̀yìn kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń tọ́ omi ìwẹ̀ wò.

Ọkùnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé lọ́jọ́ ọdún.
Ó fi ẹsẹ̀ dárà lórí ọ̀dà láti Aké dé Sápọ́n,
gbogbo ayé pàtẹ́wọ́.
Ilẹ̀ ṣú, wọ́n bọ́ gàárì, wọ́n lọ jẹun.
Òjò wá bá a níbi tó ti ń làágùn.

Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀.
Bí iṣan ẹṣin bá wá le ńkọ́,
òwe wo la ó fi nà án?

Ọmọ Ṣówándé kan tó wà lókè òkun
ti fi kúbùsù kan ránṣẹ́ nígbà kan,
dúdú, tó ní mágínẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ nínú
bí ẹyin nínú mọ́ínmọ́ín.
Eku ti jẹ èjìká rẹ̀.
Jímọ̀ ní: "Ẹ rán òmíràn tó jọ ọ́.
Mo wá mágínẹ́ẹ̀tì dé Kútọ̀, n ò rí.
Ohun tó bá ṣáà ti lè gbóná ni kẹ́ ẹ fi sí i."

Mo ti wọn ìyàwó tó ń sunkún.
Mo wọn òkú kan rí, n ò ní dárúkọ rẹ̀.
Mo na téèpù láti ìdí irun ọrùn lọ sí ìdí ìrù:
téèpù tán, ẹṣin ò tán.
Awọ rẹ̀ gbọ̀n nígbà tí mo fọwọ́ kàn án.
"Ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò," Jímọ̀ wí.
Abẹ́ ọwọ́ mi le
bí iṣu tí iná ò dé inú rẹ̀.

Àdìrẹ ìyá mi kan wà nílẹ̀
tí kò tà, torí aró rẹ̀ ò mu.
Òun ni mo fi ṣe òde, mo fi àpò ìdọ̀họ ṣe inú,
mo rán àpò kéékèèké mẹ́rìndínlógún sí i.
Jímọ̀ yan iyọ̀ nínú agbada gàrí,
ó ń bù ú sínú wọn, ó ń fẹ́ ìka.
Ó fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ó fi òrí pa itan, ó pa á
títí apá òun fúnra rẹ̀ fi ń dùn ún.
A da kúbùsù bò ó. A sún un mọ́ àpáta
tó ti ń mu oòrùn láti àárọ̀.

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.
Ó sú àwọn ọmọ tó wá wòran, wọ́n lọ.
Èmi náà ti ń wá bàtà mi
nígbà tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀,
tó já sílẹ̀ bí pọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kó owó inú rẹ̀ tán.
Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀,
èémí tó fẹ́ eruku kúrò lórí ìka ẹsẹ̀ mi.
Pátákò ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pátápátá.

Jímọ̀ na owó sí mi.
Mo gbà á; mo tún ní kó bu iyọ̀ tó kù fún mi.
Ogójì ọdún ni mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ,
bí mo bá fẹ́ dìde, ìbàdí mi a kọ́kọ́ rò ó.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rán àpò kẹtàdínlógún.
N ò mú téèpù.
Mo mọ ìwọ̀n ẹni tó ni ín.