Ìṣirò Ọjọ́ Ajé

Ìwé ìṣirò kíláàsì kẹrin wà lórí tábìlì mi,
èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.
Ojú ìwé kọkànlélógójì ní:
Ìyá Àlàbá ra kóńgò ìrẹsì mẹ́rin,
ó san ọgọ́rin náírà. Èló ni kóńgò kan?
Ìdáhùn ń bẹ lẹ́yìn ìwé: ogún náírà.
Ogún náírà.
Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti rí àwọ̀ rẹ̀ mọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọgbà ilé ìwé wa ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta
di ìsọ̀ ìjọba.
Wọ́n ta okùn yí pápá tí a ti ń sáré ìje ká.
Ẹ̀dínwó dé, wọ́n ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àwọn ó yọ
lórí ìrẹsì, lórí ẹ̀wà, lórí gàrí,
àti kéréètì ẹyin kan fún ẹni tó bá tètè dé.
Èmi ni wọ́n gbé ìwé orúkọ fún,
wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi gún.
Mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn.

Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn:
"Ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ wa ń gòkè."
Ràfátù aránṣọ, nọ́ńbà ọgọ́fà, dá a lóhùn wẹ́rẹ́:
"Òótọ́ ni, sà. Ó ti gòkè kọjá ibi tí ọwọ́ mi tó."
A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà bá wa rẹ́rìn-ín.
Oòrùn kò tíì mú nígbà náà.

Bàbá Akínṣípẹ̀, tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n
ju àsíá aláwọ̀ ewé ní rélùwéè,
gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dé láago márùn-ún ìdájí,
ó bá àwọn tó ti sùn sídìí ọgbà láti alẹ́.
Nọ́ńbà ọ̀tàlúgba ló kàn án.
Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá,
ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe ń ka èrò nígbà kan rí
kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra lọ sí Òkè Ọya.

Mo rí àpò mẹ́fà tó gba ẹ̀yìn ilé jáde.
N kò kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìwé tí wọ́n fún mi kò ní àyè fún un.

Òjìlúgba èèyàn ló ra ìrẹsì kó tó tán.
Wọ́n ní kí n kéde rẹ̀;
ohùn tí mo fi ń pe orúkọ ọmọ láràárọ̀ ni mo lò.
Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí mi,
òógùn ti pa nọ́ńbà rẹ́, ó ku òdo nìkan.
"Olùkọ́, ṣé gàrí ṣì wà?"
Gàrí wà. Ó ra kóńgò méjì.
Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.
N kò jiyàn.
Mo kàn fẹ́ rí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ebi kúrò,
bóyá ó kún,
bóyá wọ́n ti fi òlù lu ìdí rẹ̀ wọnú.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, okùn ṣì wà ní pápá,
ẹ̀wà díẹ̀ wà nínú iyanrìn,
àwọn ọmọ ń ṣà á sápò yunifọ́ọ̀mù.
Mo pa ogún náírà rẹ́ lójú pátákó,
mo ní: ẹ sọ iye tí kóńgò ìrẹsì jẹ́ nílé yín.
Wọ́n pariwo iye mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀,
kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn.
Múfútáù, ọmọ Ràfátù, nawọ́ sókè:
"Tíṣà, ṣé iye àárọ̀ ni ká kọ, àbí ti alẹ́?"

Ẹfun dúró lọ́wọ́ mi.
Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn,
kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.