Ènì

Ọjọ́ ọjà l'Ógbómọ̀ṣọ́, ìrì ò tíì gbẹ.
Ìyá Oyèékànmi to mángòrò sórí àpò sìmẹ́ǹtì,
mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan gun orí mẹ́ta.
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mẹ́rin."
"Ẹ gba irínwó."
"Irínwó kẹ̀? Láti abà ni mo ti fẹsẹ̀ rìn!"

Mo gbé ọ̀kan sí imú.
Òórùn oje ìdí rẹ̀ pe orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé.
"Ìyá, níbo lẹ ti ká a?"
"Igi ẹ̀yìn kànga, lórí ilẹ̀ tí bàbá kan tà
lọ́dún tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀."

Èmi lọmọ.
Àpá òkò mi á ṣì wà lára igi náà.
Bàbá mi ò gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

N ò wí nǹkan kan.
Mo ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e lọ́wọ́, n ò yọ kọ́bọ̀.
Ó wò mí títí,
ó kiwọ́ bọ agbọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀,
ó fi karùn-ún sí i, èyí tí àdán ti bù jẹ:
"Ènì yín nìyẹn.
Àdán kì í jẹ èyí tó kan."