Nọ́ńbà Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Èmi Odile ni mo ń fọ jẹ́sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa,
ẹ̀rọ mẹ́fà lábẹ́ pápá, ó di ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá.
Ẹ bi mí ní ti ẹrẹ̀. Mo mọ ẹrẹ̀ kálukú:
ti aṣọ́lé a máa wà ní ìgbọ̀nwọ́;
ẹni tó ń sá fún ìkọlù, ìdí nìkan ni tirẹ̀ ń wà.

Ọmọ Douarnenez ni Titouan,
etíkun níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń to sáàdìnì sínú agolo
láti aago mẹ́rin ìdájí,
ẹ̀yìn síhìn-ín, ikùn sọ́hùn-ún.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa,
báàgì kan, bàtà kan,
àti agolo sáàdìnì mẹ́jọ tí kò fún ẹnì kankan jẹ.
Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sunkún sínú ìrọ̀rí.
Báwo ni mo ṣe mọ̀?
Èmi náà ni mo ń fọ ìrọ̀rí.

Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n wọlé lọ́dún yẹn.
Ọdún yípo, wọ́n ní kí mẹ́sàn-án máa lọ sílé.
Ọdún tún yípo, méje.
A kì í sin ẹni tí wọ́n lé kọjá ẹnu géètì;
bàbá a gbé mọ́tò dé, a ṣí bùùtù, a pa bùùtù dé.
Èmi ni mo ń ṣí orúkọ wọn kúrò lára àpótí,
àtè ẹ̀yìn ìwé náà a sì máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ dalẹ́.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ó pé ọdún mẹ́tàdínlógún.
Ìyá rẹ̀ wọ réluwéè wá.
Ó fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹnu ẹ̀rọ omi mi
kó tó lọ gba bírò lọ́wọ́ ààrẹ ẹgbẹ́.
Ó ní, “Òórùn ẹja yìí ò gbọ́ ti ọṣẹ.”
Mo ní, “Ẹ jẹ́ kó máa rùn.
Òun kọ́ ló ra bàtà?”

Àdéhùn kì í ṣe pápá.
Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko, nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n
lọ ní mímọ́, ó bọ̀ ní mímọ́.
Yannig tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n kàn ká a,
kí n má fomi ṣòfò.
Mi ò gbà. Aṣọ tó bá olówó rẹ̀ jókòó nínú òjò
ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Wọ́n wá yá a, bí ẹni yá àkàbà,
fún ẹgbẹ́ kékeré kan lápá Ardennes,
níbi tí yìnyín ti ń bo ìlà pápá mọ́lẹ̀,
tí agbábọ́ọ̀lù ń fọ aṣọ ara rẹ̀.
Oṣù kejì, tẹlifóònù dún.
“Madame Odile, báwo lẹ ṣe ń yọ àbàwọ́n koríko?”
Omi tútù, ọtí kíkan, fi ọwọ́ rọra ra á.
Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín:
àwé ti ń gbá bọ́ọ̀lù!

Oṣù kẹfà, ó tún pè.
“Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?”
Mo sọ ti iyọ̀ fún un. Mi ò béèrè orúnkún èwo.

Ohun tí a bá yá, dídá ni à ń dá a padà.
Ó tiro dé, ó gbà títirò, ó sáré.
Ní alẹ́ Sátidé kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù,
mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti inú àjà.
Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù,
ó sọ ọ̀kan nù, kò sì jẹ góòlù.

Wọ́n kó aṣọ dé. Mo wá tirẹ̀ kàn,
mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀:
ẹrẹ̀ láti àyà dé etí aṣọ,
ó bo mẹ́ta, ó ku mẹ́rin.
Mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ó di àárọ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ.