Ọ̀mì

Ẹgbẹ̀ta náírà ni mo san ní géètì,
owó táyà méjì tí mo lẹ̀ láàárọ̀ Sátidé:
ọ̀kan fún ọlọ́kadà tó ń ru káṣú bọ̀ láti Ìkòyí,
ọ̀kan fún tíṣà tó ní òun á san lọ́la,
tí mo di táyà rẹ̀ mú títí ó fi rántí
pé owó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ òun.
Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fọ́mọ iṣẹ́ ní Tákìé,
mo sáré lọ pápá Òkè-Ẹlẹ́rin
bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè sí ogún pínpín.

Ìsàlẹ̀-Afọ́n wọ pupa. Òkè-Ẹlẹ́rin wọ funfun
tí yẹ̀pẹ̀ sọ di pupa kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí.
Nígbà tó yá a ò mọ ẹni tó jẹ́ tiwa mọ́,
ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ là ń pariwo fún.
Wọ́n gbá a sókè, ó bọ́ sílẹ̀.
Wọ́n gbá a lọ, ó padà wá.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Gbádégẹṣin, ọmọ aránṣọ, yọ síwájú ilé,
òun, gólì, àti Ọlọ́run nìkan,
ló bá gbá bọ́ọ̀lù wọ inú igi máńgòrò.
Máńgòrò mẹ́ta já. Àwọn ọmọdé ṣà á jẹ.
Àwọn nìkan ló jèrè lọ́jọ́ yẹn.

Rẹfirí fun fèrè. Òdo sí òdo.
Òdo! Yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀,
odó ni, tí wọ́n gún títí tí kò síṣu nínú rẹ̀;
tún un yí, odò ni,
tí mo wọ̀ dé ọrùn tí n ò rí ẹja.

Mo kọrí sí géètì. Bàbá Oyèláràn jókòó sórí kéréètì,
ó ń ka owó sínú ike bọ́tà.
Mo ní, “Bàbá, ẹ fún mi ní ọ̀ọ́dúnrún padà.
Ẹni tó ra ẹ̀wà tí kò bá ẹ̀wà nínú abọ́,
ṣé owó abọ́ ni yóò san?”
Kò gbójú sókè. Ó tutọ́ síka.
“Lóṣù tó kọjá tí mo gbé kẹ̀kẹ́ mi wá,
tí mo ní ó ń jò,
o yọ rọ́bà inú rẹ̀, o fẹ́ ẹ, o tẹ̀ ẹ́ bọ omi,
o yí i, o yí i,
ihò kankan ò sí.
O gba igba náírà lọ́wọ́ mi.
Kí lo tà fún mi?”

Ẹnu mi wọhò, èmi tí mo ń dí ihò jẹun.
Mo rántí bá a ṣe forí kan orí lórí báásíà,
tá a dákẹ́, tá à ń ṣọ́ kí omi hó.
Òun ń bẹ̀rù, èmi ń retí.
Rọ́bà náà rí roboto nínú omi bí òdo.
Ọ̀mì là bá ta.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gbé e délé!
Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn,
èmi àti aláṣọ pupa kan tí n ò mọ̀ rí,
à ń jiyàn bóyá bọ́ọ̀lù kan ọwọ́,
a jiyàn kọjá ilé rẹ̀,
ó tún sìn mí dé Tákìé, kò mọ̀.

Àyọ̀ká gbé oúnjẹ síwájú mi.
“Ta ló gbá a wọlé?”
“Kò sẹ́ni.”
“Kí lẹ wá ń wò láti ọ̀sán?”
Mo la ẹnu láti ṣàlàyé.
Ọbẹ̀ dì, n ò tíì dé ibi igi máńgòrò.

Inú ṣì ń bí mi.
Mo ti ya ẹgbẹ̀ta náírà sọ́tọ̀ de Sátidé.