Má Tíì Sọ Ọ́ fún Mi

Ojú ewé ọ̀tàlénígba ó lé méjì ni Dẹmúrà kú sí,
nínú bọ́ọ̀sì, ní Winnipeg, ní aago márùn-ún ìdájí.
Mo ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀,
aṣọ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn mi,
mo sì bú sẹ́kún fún ẹni tí ìyá kankan ò bí.

Ọkọ mi ní, "Ọkọ̀ tó ń fò lójú sánmà ló pa ọ́ lẹ́kún?
Owó ilé ò pa ọ́ lẹ́kún?"

Ṣùgbọ́n kí n tó délé, obìnrin kan ti jókòó tì mí,
Rosalinda, ará Filipíìnì, tí ń gbálẹ̀ ní báńkì.
Ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó wo ojú mi:
"O ti dé ibi afárá."
Kò bi mí. Ó sọ ọ́ ni.
"Má tíì sọ fún mi o," ni mo wí,
"ìwé keje ò tíì dọ́wọ́ mi."
Ó pa ètè dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn.

Báyìí la ṣe di márùn-ún ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀,
ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé,
níbi tí páìpù omi gbígbóná ń kùn bí àgbà tí oorun ń gbé.
Lesiuk, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì,
ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ò lè ṣiṣẹ́ láéláé;
ó kọ ìṣirò sẹ́yìn rìsíìtì, ó ń nà án sí wa.
Gurnoor, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
fẹ́ràn ọbabìnrin aṣebi ju ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ:
ẹ̀yin lẹ ò mọ ohun tójú ẹ̀ rí nínú ìwé kejì.
Mo ní: ohun tójú rí kọ́ ni ká fi fọ́ ojú ẹlòmíì.
Ó ní: Àǹtí, ẹ tún un kà.
Mo tún un kà. Inú bí mi. Ọmọ náà jàre díẹ̀.

A ń jiyàn bí ẹni tó ń pín ogún.
Dírágónì ńkọ́, ejò ni àbí ẹyẹ?
Èmi ń pè é ní ejò abìyẹ́.
Lesiuk ní ẹranko tó bá ń mí iná, epo ló ń jẹ.

Àfi Ọjọ́bọ̀ tí a dé àárín ìwé kẹjọ,
níbi tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ Òkè Yìnyín wọ inú ọkọ̀,
wọ́n gé irun wọn, wọ́n fi òfin de ahọ́n wọn.
"Àsọdùn nìyí," Lesiuk wí, "àròsọ náà yẹ kó ní ìwọ̀n."
Delphine, ọmọ Cree, tí kì í sọ ju "hùn-ún" lọ,
tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí a bá ń pariwo,
gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.
"Wọ́n gé ti ìyá mi.
Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mi ò ti rí àròsọ."

Páìpù ń kùn.
Mo rántí pákó tí wọ́n gbé kọ́ mi lọ́rùn nílé ẹ̀kọ́
torí mo sọ Yorùbá ní kíláàsì.
Mo ti ń fi ìtàn yẹn pa èèyàn lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí.
Lesiuk ṣí fìlà. Ó ní, "Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."
Ó pẹ́ kí Gurnoor tó tún ṣí ìwé,
ó ń rọra kà á sókè.
Delphine gbé abẹ́rẹ́.

Lálẹ́ òní, òtútù ti wọ ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo,
èémí wa ń jáde bí ti ejò abìyẹ́,
a dúró ní ibùdókọ̀, a ò tíì fẹnu kò
bóyá Dẹmúrà kú lóòótọ́.
Rosalinda ní wọn ò rí òkú;
ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀, ta ní ń gbẹ́lẹ̀ fún un?
Ìwé kẹsàn-án ò tíì jáde, òǹkọ̀wé ò dájọ́.
Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn,
awakọ̀ wò wá, a ò wò ó.
Gurnoor ń fi ẹsẹ̀ ya afárá sórí yìnyín:
"Ibí ló já sí. Ẹ wò ó, ibí."
Bọ́ọ̀sì lọ.
Òmíràn ń bọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú.